Àyẹ̀wò Flow Cytometry ní Èkó: Ìbéèrè Táwọn Èèyàn Ń Bi Wá àti Ìdáhùn Wọn

Bí dókítà bá kọ "flow cytometry" tàbí "immunophenotyping" sórí fọ́ọ̀mù yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀yin tàbí ẹbí yín lẹ máa gbé ẹ̀jẹ̀ náà láti wọ́ọ̀dù lọ sí láàbù. Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn. Ìhà Yábà sí Ìdí-Àràbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láàbù, ibẹ̀ ni mo sì ti ń gbọ́ àwọn ìbéèrè yìí lẹ́nu aláìsàn, lẹ́nu ìyá ọmọ, lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kó yé gbogbo wọn jù ni pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà yẹn ṣì wà láàyè nínú ìgò. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti kú sọ́nà, kò sí ẹ̀rọ tó lè jí i.

Kí ni àyẹ̀wò flow cytometry yìí gan-an?

Àyẹ̀wò tó ń yẹ sẹ́ẹ̀lì wò lọ́kọ̀ọ̀kan ni. A ó kọ́kọ́ po ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ mọ́ àwọn àntíbọ́dì tí wọ́n ti fi aró tó ń tàn sí lára. Àntíbọ́dì kọ̀ọ̀kan ní àmì kan ṣoṣo tó máa ń lẹ̀ mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì tí kò bá ní àmì náà, kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà la ó fi oògùn tú sẹ́ẹ̀lì pupa ká kó lè ku àwọn funfun. Ẹ̀rọ á wá fa èyí tó kù gba ojú ihò tóóró kan, omi mìíràn á máa ṣàn yí i ká, á máa fún un mọ́ra, títí àwọn sẹ́ẹ̀lì á fi tò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí èrò ṣe máa ń tò gba ẹnu ọ̀nà wọ bọ́ọ̀sì BRT. Ibẹ̀ ni iná lésà ti ń dúró dè wọ́n.

Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ti kọjá níwájú lésà, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n ká. Èyí tó lọ síwájú ń jẹ́ ká mọ bí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe tóbi tó. Èyí tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń jẹ́ ká mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí, bóyá ó dán tàbí horo kún inú rẹ̀. Aró tó bá sì tàn ń sọ àntíbọ́dì tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì lẹ̀rọ náà lè kà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì kọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ṣé maikirosikóòpù ò lè ṣe é ni?

A ò lè ṣe láìsí maikirosikóòpù, òun la máa ń kọ́kọ́ lò. Ṣùgbọ́n ojú níbi tó mọ. Ẹ mú sẹ́ẹ̀lì funfun méjì tó ń jẹ́ lymphocyte, kí ọ̀kan jẹ́ CD4, kí èkejì jẹ́ CD8. Lábẹ́ maikirosikóòpù, kò sí ọ̀gá kankan tó lè tọ́ka sí èwo ni èwo. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wọn yàtọ̀ pátápátá: ọ̀kan ń darí ogun tí ara ń bá kòkòrò jà, èkejì ń pa sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ti wọ̀. Àntíbọ́dì ló ń bá wa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kí ni "CD" tó wà níwájú gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyẹn?

Àwọn àmì tó wà lára sẹ́ẹ̀lì ni. Nígbà kan, láàbù kọ̀ọ̀kan ló ń fún àmì kan náà ní orúkọ tó wù ú. Ní 1982, àwọn onímọ̀ pàdé ní Paris, wọ́n fi nọ́ńbà tò wọ́n. Wọ́n ti lé ní 350 báyìí. Kò pọn dandan kí ẹ mọ̀ wọ́n sórí.

Ta ló ṣe ẹ̀rọ yìí?

Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló bá a débẹ̀. Ní 1953, Wallace Coulter ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tó fi ń ka sẹ́ẹ̀lì bí wọ́n ṣe ń gba ihò tóóró kọjá. Ní 1965, Mack Fulwyler ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣa sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń darí ẹ̀kán tàdáwà nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló lò. Wolfgang Göhde ní Jámánì àti Leonard Herzenberg ní Stanford wà lára àwọn tó mú aró tó ń tàn wọ inú rẹ̀ kí ọdún 1970 tó wọlé. Síbẹ̀, ohun tó sọ ọ́ di irinṣẹ́ ilé ìwòsàn ni iṣẹ́ tí Georges Köhler àti César Milstein ṣe ní 1975, tí wọ́n wá ọ̀nà láti máa ṣe àntíbọ́dì irú kan náà láìlópin. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1984.

Wọ́n ní kí n lọ ṣe CD4. Ṣé flow náà nìyẹn?

Bẹ́ẹ̀ ni, níbi tí wọ́n bá ti ń lo ẹ̀rọ flow. Àwọn ibì kan ti ń lo páálí kékeré tó kàn máa ń sọ bóyá CD4 yín lé ní 200 tàbí kò tó o, ó sì wúlò níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ.

Inú sẹ́ẹ̀lì CD4 ni kòkòrò HIV máa ń wọ̀. Nínú àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, wọ́n máa ń tó nǹkan bí 500 sí 1,500 nínú microlitre ẹ̀jẹ̀ kan. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn ARV tó ń ká HIV lọ́wọ́ kò ní 2002, tí NIMR, ilé ìwádìí ìṣègùn ìjọba tó wà ní Yábà, wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń pín in, nọ́ńbà yìí ló ń sọ ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ oògùn àti ẹni tó máa dúró ná. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sí 200 nígbà náà. Wọ́n gbé e sókè sí 350 ní 2010, wọ́n gbé e dé 500 ní 2013. Ní 2015 ni wọ́n wá ní kí gbogbo ẹni tó bá ní kòkòrò náà bẹ̀rẹ̀ oògùn, iye yòówù kí CD4 rẹ̀ jẹ́.

Látìgbà náà làwọn kan ti ń sọ pé CD4 ò wúlò mọ́. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Àwọn èèyàn ṣì ń pẹ́ kí wọ́n tó wá ṣe àyẹ̀wò, àwọn mìíràn sì ń dá oògùn dúró kí wọ́n tó padà wá. Ẹni tí CD4 rẹ̀ bá wà ní ìsàlẹ̀ 200, ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀: wọ́n gbọ́dọ̀ wá ikọ́ ẹ̀gbẹ lára rẹ̀, kí wọ́n wá kòkòrò cryptococcus tó ń ba ọpọlọ jẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní Septrin láti dènà àìsàn mìíràn. Viral load, ìyẹn iye kòkòrò HIV tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, nìkan ò lè sọ fún dókítà pé aláìsàn rẹ̀ ti dé ibẹ̀.

Ará Èkó tó ti dàgbà díẹ̀ á rántí oṣù kẹjọ 1997, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jáde sọ ní gbangba pé àrùn AIDS ló pa àbúrò òun, Fela. Lásìkò yẹn, ìdílé tó bá ṣẹlẹ̀ sí á bò ó mọ́lẹ̀ ni. Oògùn ti wà lónìí, ọ̀fẹ́ sì ni láwọn ibi ìtọ́jú ìjọba. Ìtìjú ló kù tó ń dá àwọn èèyàn dúró sílé, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí CD4 tó ti wálẹ̀ sí 30 lára ọ̀dọ́ tó ti ń gbé nítòsí ibi ìtọ́jú látọjọ́ yìí.

CD4 mi wálẹ̀ láti 620 sí 510, bẹ́ẹ̀ mi ò fo oògùn rí. Ṣé oògùn ò ṣiṣẹ́ mọ́ ni?

Ẹ má mikàn. CD4 máa ń kéré láàárọ̀, ó máa ń pọ̀ sí i nírọ̀lẹ́. Ó máa ń wálẹ̀ nínú oyún. Ara tí kò yá lọ́sẹ̀ yẹn lè fà á wálẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbìyànjú láti máa ṣe é ní láàbù kan náà, ní wákàtí kan náà. Bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, viral load ló ń sọ ọ́, òun ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún la máa ń wò dípò iye, torí CD4 ọmọdé pọ̀ ju tàgbà lọ.

Dókítà ti sọ pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe ọmọ mi. Kí ni flow tún ń wá?

Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Irú èyí tó jẹ́ ló ń wá, nítorí oògùn wọn ò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń rí fún yín. Lórí kọ̀ǹpútà, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì tóńtó kan. A máa ń to CD45, àmì tó wà lára sẹ́ẹ̀lì funfun, sí ìbú, a ó to horo inú sẹ́ẹ̀lì sí òró. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le, lymphocyte máa ń kóra jọ sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun míì tó ń jẹ́ monocyte á wà lókè wọn díẹ̀, àwọn tó ń jẹ́ granulocyte á kún òkè. Ibì kan wà nísàlẹ̀, lápá òsì àwọn lymphocyte, tó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Nínú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń yára, ibẹ̀ gan-an ló máa ń ṣú dùdù. A ó fa ààlà yí ibẹ̀ ká, a ó wá máa bi àwọn tó wà nínú rẹ̀ léèrè àmì wọn. Bí wọ́n bá ní CD19 àti CD10, ìdílé sẹ́ẹ̀lì B, irú lymphocyte kan, ni wọ́n. Bí wọ́n bá ní CD3 àti CD7, ti T, irú lymphocyte mìíràn, ni. Bí ó bá jẹ́ CD13, CD33 àti CD117, inú ìdílé myeloid, ìyẹn ìdílé granulocyte àti monocyte, ni wọ́n ti wá. Àmì kan ṣoṣo kì í tó láti dájọ́. Bí gbogbo wọn ṣe wà pọ̀ la máa ń wò.

Irú kan wà nínú ti myeloid tí wọ́n ń pè ní APL. Ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára èèyàn, kò sì fàyè gba ìdúró. Flow lè mú kí dókítà fura sí i lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dé, kó bẹ̀rẹ̀ oògùn, kí àyẹ̀wò jíìnì tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Lára àgbà, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀. Wọ́n lè rí lymphocyte tó pọ̀ jù lára Bàbá tí nǹkan kan ò ṣe. Sẹ́ẹ̀lì B inú ara tó le máa ń pín sí ọ̀nà méjì, àwọn kan ń gbé àmì tó ń jẹ́ kappa, àwọn yòókù ń gbé lambda. Bí gbogbo wọn bá gbé ẹyọ kan ṣoṣo, a jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kan ló bí gbogbo wọn. Bí wọ́n bá tún ní CD5 àti CD23, ó máa ń jẹ́ CLL, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń rọra rìn, èyí tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń bá gbé fún ọdún púpọ̀ láìgba oògùn. Ẹ rí i pé èsì flow lè fọkàn èèyàn balẹ̀ náà.

Kókó yọ lọ́rùn ọmọ mi, wọ́n fún un ní prednisolone ní kẹ́míìsì, kókó náà sì ti ń lọ. Ṣé kí n ṣì gbé e wá?

Ẹ gbé e wá lónìí. Bí ohun kan bá wà tí mo lè máa pariwo rẹ̀ láti Múṣin dé Ìkòròdú, òun nìyí. Prednisolone àti dexamethasone máa ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ìdílé lymphocyte. Kókó á rọ, ọmọ á máa ṣeré, ẹ̀jẹ̀ tàbí mùdùnmúdùn egungun tí wọ́n bá sì fà lẹ́yìn náà lè wá sọ́dọ̀ wa láìsí nǹkan tó ṣeé rí nínú rẹ̀. Àìsàn náà kò tíì lọ. Bó bá padà dé, ó lè le ju ti tẹ́lẹ̀, dókítà ò sì ní mọ irú rẹ̀.

Ẹ má dá oògùn náà dúró fúnra yín, torí ẹni tó ti ń lò ó fún ọjọ́ pípẹ́ lè dákú bí ó bá dá a dúró lójijì. Ẹ sọ fún dókítà ni, kí ẹ sì kó páálí oògùn náà wá. Bákan náà ni ti àwọn oògùn ìsanra tí àwọn obìnrin kan ń rà ní ọjà: dexamethasone wọ́pọ̀ nínú wọn. Ó yẹ ká mọ̀ nípa wọn kí a tó fi ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀yin dókítà ọ̀dọ́ tó bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ẹ̀jẹ̀ fún flow kí ẹ tó fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, àfi bí ẹ̀mí bá fẹ́ bọ́.

Èmi ni mo máa gbé ẹ̀jẹ̀ náà láti Ìsàlẹ̀ Èkó wá sí Yábà. Kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣe?

Ẹ wo ìgò náà kí ẹ tó kúrò. Ọlọ́mọrí elése àlùkò ló sábà máa ń jẹ́, EDTA ló wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti dojú rẹ̀ délẹ̀, kó tún yí i padà sókè, jẹ́jẹ́, bí ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Kò gbọ́dọ̀ gbọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá rí ìdì kankan nínú rẹ̀, ẹ sọ kí wọ́n fa òmíràn lójú ẹsẹ̀, torí a ò ní lè lò ó. Orúkọ, ọjọ́ àti aago tí wọ́n fà á gbọ́dọ̀ wà lára ìgò, kí wọ́n sì kọ ohun tí dókítà ń fura sí sórí fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n kàn kọ "flow" sí kò sọ fún wa irú àntíbọ́dì tí a máa lò.

Ẹ má gbé e sínú fíríìsà. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti dì á fọ́ nígbà tó bá yọ́. Ẹ má fi í ti yìnyín. Bí ara ilé tí a ń gbé, tí kò gbóná jù, ló dára fún un. Oòrùn ni ọ̀tá tiwa níbí. Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ tó jókòó sórí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò láti Adéníjì Adélé, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland sì ká a mọ́ inú oòrùn ọ̀sán. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìdajì sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ti kú. Ọmọ náà padà gba abẹ́rẹ́ míì. Ẹ fi bébà wé ìgò náà, ẹ gbé e sínú kúlà tí kò ní yìnyín, kí ẹ sì gbé e sẹ́sẹ̀ yín. Bí ọlọ́kadà ni ẹ fẹ́ fi rán, ẹ má jẹ́ kó páàkì sínú oòrùn lọ fún ẹlòmíràn ní nǹkan ná.

Kó dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ tí wọ́n fà á ló dára jù. Ti CD4 lè dúró títí dé wákàtí 48 níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ní láàbù tí ẹ ń lọ. Ẹ sá fún ìrọ̀lẹ́ Friday. Bí ó bá jẹ́ ẹran kókó tí wọ́n gé lára ni, apá tó jẹ́ ti flow gbọ́dọ̀ wà nínú omi iyọ̀ ilé ìwòsàn, kì í ṣe formalin. Formalin máa ń pa gbogbo ohun tí à ń wá.

Ṣé dandan ni kí wọ́n fa mùdùnmúdùn?

Kì í ṣe ìgbà gbogbo. Bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà lè tó. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, egungun ìbàdí ni wọ́n á ti fà á. Wọ́n á kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ pa ojú ibẹ̀. Ó máa ń dunni fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fà á.

Flow ni wọ́n fi ń mọ genotype ni?

Rárá. Electrophoresis tàbí HPLC ni wọ́n fi ń mọ AA, AS àti SS. Ibi tí flow ti wọ ọ̀rọ̀ fòníkú-fọ̀ladìde ni ìtọ́jú tó ń wò ó sàn. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ mùdùnmúdùn, sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé CD34 ni wọ́n ń wá, torí òun ló lè bí gbogbo irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Flow ló ń kà wọ́n; wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó tó mílíọ̀nù méjì ó kéré tán fún kílò kọ̀ọ̀kan tí aláìsàn wọ̀n. Ìtọ́jú tuntun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023, tí wọ́n ń pè ní Casgevy, sẹ́ẹ̀lì CD34 kan náà ni wọ́n ń yọ lára aláìsàn tí wọ́n ń tún jíìnì inú rẹ̀ ṣe.

Kí ni flow ò lè ṣe?

Kò lè rí ohun tó wà nínú jíìnì. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ CML, àyẹ̀wò jíìnì tó ń jẹ́ PCR, tó ń wá jíìnì BCR-ABL, ló ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kò lè sọ ibi tí kókó wà nínú ara.

Kí ló dé tó fi wọ́n tó báyìí?

Àntíbọ́dì ló ń jẹ owó. Òkè òkun ni wọ́n ti ń wá, dọ́là la fi ń rà wọ́n. Inú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà láti pápákọ̀ òfurufú títí dé fíríìjì wa, wọn ò gbọ́dọ̀ dì, wọn ò sì gbọ́dọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Bí iná ṣe ń lọ tó ń dé yìí, inverter àti jẹnẹrétọ̀ ni fíríìjì náà fi ń gbé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá níbí ni wọ́n ti ń ṣe é tàbí òkè òkun ni wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ọjọ́ tó máa lò lọ́nà. Láàbù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dá yín lóhùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo fẹ́ lo flow fún iṣẹ́ ìwádìí mi, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Káre. Bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ìgò ìfiwéra (control): èyí tí o kò fi aró sí rárá, àti èyí tí o fi aró kan ṣoṣo sí. Ìmọ́lẹ̀ aró tó ń jẹ́ FITC máa ń ya wọ ibi tí ti aró mìíràn, PE, wà; bí o kò bá ti ṣe àtúnṣe yẹn, o lè rí sẹ́ẹ̀lì tí kò sí níbẹ̀ rárá. Fi aró tó ń mú òkú sẹ́ẹ̀lì kún un, nítorí òkú sẹ́ẹ̀lì máa ń lẹ̀ mọ́ gbogbo àntíbọ́dì. Gba ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ aláìsàn kí o tó fa ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Bí o bá ń wá kókó ọ̀rọ̀ láti ṣiṣẹ́ lé lórí, wo iye tí a ń pè ní déédéé. Ọ̀pọ̀ nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ni wọ́n kà lára àwọn ará Yúróòpù. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo Yorùbá ló jẹ́ Duffy-null, èyí tó ń dènà irú ibà kan tó ń jẹ́ vivax, òun náà ló sì ń mú kí neutrophil, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan, tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa kéré sí tiwọn láìsí àìsàn kankan. Tí a bá fi ìwọ̀n wọn wọn ara wa, a ó máa pe ẹni tí ara rẹ̀ le ní aláìsàn, a sì lè dá oògùn jẹjẹrẹ dúró fún ẹni tó yẹ kó máa gbà á. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ láti Ìdí-Àràbà kà á lára àwọn èèyàn wa fúnra wọn, nọ́ńbà kan tẹ̀lé òmíràn.

Ọmọ mi ti gbádùn. Ṣé mo lè ju èsì àtijọ́ nù?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìtọ́jú, dókítà lè ní kí a tún wo mùdùnmúdùn bóyá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kù síbẹ̀. Flow lè rí ẹyọ kan láàárín 10,000 sẹ́ẹ̀lì, èyí tí maikirosikóòpù ò lè rí. Ṣùgbọ́n kí a tó lè mọ ẹyọ kan yẹn, a gbọ́dọ̀ mọ àwọn àmì tó gbé wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí sẹ́ẹ̀lì ọmọdé tó ń dàgbà nínú mùdùnmúdùn lè ní CD10 àti CD19 náà láìsí jẹjẹrẹ. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò gbogbo ojú ewé rẹ̀, pàápàá àwọn tí àwòrán àmì tóńtó wà. Bí ẹ bá ń yí ilé ìwòsàn padà, láti Ìdí-Àràbà lọ sí Ìkẹjà, tàbí lọ sí Ìbàdàn, ẹ mú ìwé náà dání, kí ẹ sì fi han dókítà tuntun kó tó kọ fọ́ọ̀mù mìíràn.